Ọ̀nà Kumano: Ìwé Tó Gba Igbó Sílẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín lónìí jẹ́ ìtàn ọ̀nà ẹsẹ̀ kan. Ọ̀nà náà jìnnà sí wa púpọ̀. Ilẹ̀ Jàpáànì ló wà, lọ́hùn-ún níbi tí oòrùn ti ń yọ. Kumano ni orúkọ agbègbè náà. Ọ̀nà yìí gba inú igbó, ó tẹ̀lé odò, ó sì dé ìdí omi ńlá kan tó ń já láti orí àpáta. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń fi ẹsẹ̀ rìn ín láti lọ júbà ní ojúbọ tó wà níbẹ̀.

Ní ọdún 1906, ọ̀nà yìí àti igbó rẹ̀ bọ́ sínú ewu ńlá. Kì í ṣe ogun ló kó o sínú ewu, kì í sì í ṣe iná. Ìwé àṣẹ kan láti olú ìlú ni. Ohun tó sì gba ìyókù rẹ̀ sílẹ̀, ìwé náà ni: lẹ́tà tí ọkùnrin kan jókòó kọ. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ìtàn yìí yẹ ẹni tó ń kọ́ ìwé.

BÍ ILẸ̀ NÁÀ ṢE RÍ

Kumano wà ní apá gúúsù erékùṣù tó tóbi jù lọ ní Jàpáànì, lórí ilẹ̀ kan tó yọrí sínú òkun, tí wọ́n ń pè ní Kii. Òkè ló kún ibẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́jú kò tó nǹkan. Òjò ibẹ̀ pọ̀ gidigidi, igi sì máa ń ga níbẹ̀. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn ará Jàpáànì ti gbà pé irú ibẹ̀ ni àwọn kami ń gbé, àwọn tí àwa ì bá pè ní òrìṣà: nínú odò, nínú igi ńlá, nínú àpáta. Ẹ̀sìn àbáláyé wọn yìí ni wọ́n ń pè ní Shinto. Nígbà tí ẹ̀sìn Búdà wọ ilẹ̀ wọn láti òkèèrè ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, kò lé ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé, débi pé àwọn ènìyàn ń sọ pé Búdà ló gbé ìrísí òrìṣà Kumano wọ̀.

Ojúbọ ńlá mẹ́ta ló wà ní Kumano. Ọ̀kan ni Hongu, tó wà láàrín òkè, létí odò Kumano. Èkejì ni Hayatama, tó wà nítòsí ibi tí odò yẹn ti ń wọ òkun. Ẹ̀kẹta ni Nachi, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Ẹni tó bá lọ sí Kumano, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń fẹ́ dé.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ RÌN ÍN

Ìlú Kyoto ni ọba Jàpáànì ń gbé nígbà náà. Láti Kyoto dé Kumano, àlọ àti àbọ̀, ó lé ní 600 kìlómítà. Nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n fi ń rìn ín. Ní ọdún 907, Uda, ọba kan tó ti gbé oyè sílẹ̀, rin ìrìn náà. Ní ọdún 1090, ọba mìíràn tó ti gbé oyè sílẹ̀, Shirakawa, lọ pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà àwọn ọba. Go-Shirakawa lọ ju ìgbà 30 lọ, Go-Toba náà sì lọ ní ìgbà 28.

Nígbà tí Go-Toba lọ ní ọdún 1201, akéwì kan wà lára àwọn tó bá a lọ. Fujiwara no Teika ni orúkọ rẹ̀. Ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le, òjò sì pa á lórí òkè láàrín Hongu àti Nachi. Ṣùgbọ́n ohun tó bá pàdé lójú ọ̀nà, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ ṣì wà títí dòní. Òun ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ bí ìrìn náà ṣe rí ní ìgbà yẹn.

Lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n kọ́ àwọn ojúbọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní oji. Níbẹ̀ ni arìnrìn-àjò ti ń dúró, tí ó ń gbàdúrà, tí ó sì ń sinmi kí ó tó tẹ̀ síwájú. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé 99 ni wọ́n. Ìyẹn ni pé wọ́n pọ̀. Igi ńláńlá máa ń yí ojúbọ kọ̀ọ̀kan ká, ẹnikẹ́ni kì í sì í gé wọn.

Ní ọdún 1221, Go-Toba gbógun ti àwọn jagunjagun tí agbára ìjọba wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n sì lé e lọ sí erékùṣù kan. Láti ìgbà náà ni ìrìn àwọn ọba ti ń dín kù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dá páropáro. Àwọn mẹ̀kúnnù ló gbà á. Àwọn òkè mímọ́ mìíràn wà ní Jàpáànì tí wọn kì í jẹ́ kí obìnrin gùn. Kumano kò ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin ń lọ, ọkùnrin ń lọ, olówó ń lọ, tálákà ń lọ, afọ́jú àti aláìsàn ń lọ. Àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ wọn láti máa kiri ìlú dé ìlú pẹ̀lú àwòrán Kumano, tí wọ́n ń tẹ́ ẹ síwájú àwọn tí kò mọ̀wé, tí wọ́n sì ń fi ṣàlàyé. Èrò pọ̀ lójú ọ̀nà débi pé àwọn ará Jàpáànì fi wọ́n wé èèrà tó tò lẹ́sẹẹsẹ.

ÌRÌN NÁÀ FÚNRA RẸ̀

Ìlú Tanabe wà létí òkun. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà wọ inú òkè. Àwọn ará ìgbàanì ń bá odò Tonda lọ, wọ́n ń là á kọjá léraléra, omi ń dé wọn ní orúnkún. Wọn kò ka èyí sí ìyà. Wọ́n gbà pé bí omi ti ń fọ ẹsẹ̀ ni ó ń fọ ọkàn pẹ̀lú.

Wọ́n á dé Takijiri, níbi tí odò méjì ti pàdé. Wọ́n á wẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ojúbọ Takijiri ni òkè bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó ń gùn ún á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Láti ibẹ̀ dé Hongu jẹ́ nǹkan bí 38 kìlómítà nínú igbó. Ọjọ́ méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rìn ín lónìí. Gbòǹgbò igi ló jẹ́ àtẹ̀gùn ní ibòmíràn, òkúta tí àwọn àgbà tò ló jẹ́ àtẹ̀gùn ní ibòmíràn. Ọ̀nà gba abúlé Chikatsuyu, ó gba abúlé Nonaka níbi tí orísun omi tútù kan ti ń sun. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n dé, wọ́n á bọ́ sí Fushiogami. Ìtumọ̀ orúkọ yìí ni ibi ìdọ̀bálẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹni tó ti ń rìn láti Kyoto ti máa ń kọ́kọ́ rí Hongu lókèèrè nísàlẹ̀. Bó ti rí i, á dọ̀bálẹ̀.

Láti Hongu, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á bá odò Kumano sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Hayatama. Odò náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ara ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gba etí òkun, kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn olókùúta gígùn kan lọ sí Nachi, lábẹ́ igi tí àwọn kan nínú wọn ti tó 800 ọdún.

Omi Nachi ga ní 133 mítà. Bí a bá to igi àgbọn gíga mẹ́rin léra, wọn kò ní tó o. Ní ìdí omi yìí, ẹ kò ní rí ilé òrìṣà. Omi gan-an ni òrìṣà. Okùn mímọ́ ni wọ́n ta sí òkè níbi tí omi ti ń bọ́; ẹni tó wá júbà á dúró nísàlẹ̀, á kọjú sí omi, á sì pàtẹ́wọ́ gbàdúrà. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje lọ́dọọdún, wọ́n ń gbé ògùṣọ̀ ńlá 12 jáde níwájú rẹ̀ fún ọdún wọn.

Igbó kan wà létí omi náà tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé láti ọjọ́ pípẹ́. Kì í ṣe ẹwà nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún. Igbó ló ń gba òjò dúró, tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí igbó bá lọ, omi á ya lulẹ̀ ní ọjọ́ òjò, á sì gbẹ ní ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ èyí ju wa lọ.

ÌGBÀ TÍ ÌWÉ ÀṢẸ DÉ

Ní ọdún 1868, ìjọba tuntun gba ilẹ̀ Jàpáànì. Wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n ya Shinto kúrò lára ẹ̀sìn Búdà. Ní Nachi, wọ́n ti ilé Búdà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ pa. Ọdún 1874 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni gígé igi lórí òkè ń pọ̀ sí i.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, òjò ńlá rọ̀, odò sì kún bo bèbè. Láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni ojúbọ Hongu ti wà lórí ilẹ̀ iyanrìn níbi tí àwọn odò ti pàdé. Omi gbá èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé rẹ̀ lọ. Wọ́n kó ìyókù lọ sórí òkè ní ọdún 1891, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Ní Totsukawa, lókè odò, ènìyàn 168 kú. Ju 2,000 lọ nínú àwọn ará ibẹ̀ ló kó ẹrù wọn, tí wọ́n ṣí lọ tẹ ìlú tuntun dó ní Hokkaido, erékùṣù tútù tó wà ní àríwá. Àwọn tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò sọ pé igi tí wọ́n ti gé lórí òkè wà lára ohun tó sọ ìkún omi náà di ńlá.

Ìyẹn kò kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ní ọdún 1906, ìjọba pàṣẹ pé ojúbọ kéékèèké ti pọ̀ jù. Wọ́n fẹ́ kó wọn papọ̀, kí abúlé kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, kí owó lè tó láti tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Lójú ìwé, ọ̀rọ̀ yìí dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kó ojúbọ kan kúrò, ilẹ̀ rẹ̀ àti igi rẹ̀ di títà. Igi tó ti pé 500 tàbí 800 ọdún, owó ńlá ni. Àwọn oníṣòwò pákó mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nínú nǹkan bí 190,000 ojúbọ tó wà ní gbogbo Jàpáànì, nǹkan bí 70,000 ló pa rẹ́. Ẹkùn Mie àti ẹkùn Wakayama, níbi tí Kumano wà, wà lára ibi tó ti burú jù. Àwọn oji tó wà lẹ́bàá ọ̀nà wà nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́.

ỌKÙNRIN TÓ KỌ LẸ́TÀ

Ọkùnrin kan wà ní Tanabe tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Minakata Kumagusu. Wọ́n bí i ní Wakayama ní ọdún 1867. Igi ńlá kan wà ní ojúbọ Fujishiro, ọ̀kan nínú àwọn oji ọ̀nà Kumano. Kusu ni wọ́n ń pe irú igi náà. Àwọn ará ibẹ̀ a máa gba orúkọ ọmọ lọ́dọ̀ ojúbọ náà, bí àwa náà ti ń sọ ọmọ ní Ọ̀ṣúnbùnmi tàbí Ògúnbíyìí. Láti ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá: “gusu” tó wà ní ìparí rẹ̀, igi yẹn ni.

Ó lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí kò tíì ju ọmọ 20 ọdún lọ. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1892, níbi tó ti ń ka ìwé ní ilé ọnà ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń kọ̀wé sínú Nature, ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ó padà sílé ní ọdún 1900 láìní owó lọ́wọ́. Ó lọ gbé ní Nachi fún bí ọdún mẹ́ta, ó ń wá olú, èéhu àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń hù lára igi jíjẹrà nínú igbó. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ̀dó sí Tanabe, ó sì fẹ́ ọmọ àwòrò ojúbọ kan níbẹ̀.

Nígbà tí àwọn agégi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Minakata kò dákẹ́. Láti ọdún 1909 ló ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ìlú Tanabe. Ìbínú rẹ̀ pọ̀, ọtí kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ní ọdún 1910, ó mu ọtí yó, ó já wọ ibi ìpàdé kan tí òṣìṣẹ́ ìjọba wà, ó sì ju àpò rẹ̀ lù wọ́n. Wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ 18. Àpò jíjù kò gba igi kankan sílẹ̀.

Ní ọdún 1911, ó mú kálàmù. Ó kọ lẹ́tà gígùn méjì sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó mọ̀ nípa ewéko ní Tokyo. Yanagita Kunio, onímọ̀ kan tó ń kó ìtàn àwọn ará oko jọ, rí àwọn lẹ́tà náà, ó tẹ̀ wọ́n bí ìwé kékeré, ó sì pín in fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń ta létí ìjọba.

Kí ló wà nínú ohun tí Minakata ń kọ? Kò kàn sọ pé òrìṣà ń bínú. Ó ṣírò fún wọn. Ó ní bí igbó ojúbọ bá lọ, ẹyẹ á lọ. Bí ẹyẹ bá lọ, kòkòrò á pọ̀, á sì jẹ irè oko, àgbẹ̀ á wá fi owó ra oògùn kòkòrò. Ó ní arúgbó kò lè rìn dé ojúbọ tí wọ́n gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ó ní níbi ọdún ojúbọ ni àwọn ará abúlé ti ń pàdé, tí wọ́n ti ń parí ìjà. Bí ojúbọ bá lọ, ìrẹ́pọ̀ á lọ. Ó ní ẹni tí kò bá ní ohun kan tó fẹ́ràn ní ìlú rẹ̀ kò lè fẹ́ràn orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó mẹ́nu ba ẹ̀kọ́ tuntun kan tó ń sọ bí igi, ẹranko, kòkòrò àti ènìyàn ṣe so kọ́ra, tí a kò lè fa ọ̀kan tu kí ìyókù má mì. Lónìí gbogbo ayé ló ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ogun náà ló ṣẹ́. Ní Chikatsuyu, wọ́n gé igi oji tán. Ní Nonaka, wọ́n gé púpọ̀, ṣùgbọ́n igi sugi ńlá mẹ́sàn-án ṣẹ́ kù, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹ̀ka wọn kọjú sí gúúsù, àwọn ará ibẹ̀ sì ń sọ pé omi Nachi ni wọ́n ń na ọwọ́ sí. Ní ọdún 1920, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fòpin sí ètò náà. Ní ọdún 1929, ọba Hirohito fúnra rẹ̀ wá sí Tanabe, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Minakata nípa àwọn ohun kéékèèké inú igbó. Inú páálí midinmíìdìn ni Minakata kó àwọn tó fún ọba sí. Minakata kú ní ọdún 1941.

LÓNÌÍ

Ní ọdún 2004, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ̀nà Kumano àti odò rẹ̀ mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Àwọn ènìyàn ń wá láti ilẹ̀ gbogbo láti rìn ín. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, ìjì ńlá tún dé, omi bo ilé, ó sì ba Nachi jẹ́ gidigidi. Wọ́n tún un ṣe. Títí di ìsinsìnyí, àwọn ènìyàn ń fi ẹ̀yìn wọn pọn erùpẹ̀ lọ sórí òkè láti fi dí ibi tí òjò ti gbá lọ lójú ọ̀nà.

Ẹni tó bá rin ọ̀nà náà lónìí á rí ohun kan. Púpọ̀ nínú igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ènìyàn ló gbìn wọ́n fún pákó. Wọn kò tíì dàgbà púpọ̀, wọ́n sì tò gbọnrangandan. Ṣùgbọ́n bó bá dé ìdí àwọn ojúbọ tí wọ́n gbà sílẹ̀, ibẹ̀ ni á ti bá igi tí apá ènìyàn mẹ́ta kò ká. Ojú lásán ni èèyàn fi ń mọ ibi tí wọ́n ti jà fún igi àti ibi tí wọn kò ti jà.

Ẹ̀yin ará wa, àwa náà ní igbó òrìṣà, àwa náà ní odò tí àwọn bàbá wa kì í dẹ ẹja inú rẹ̀. Ẹ̀sìn yòówù tí a lè máa ṣe lónìí, omi tí igbó yẹn ń pa mọ́ ni gbogbo wa ń mu. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá mú ìwé wá pé kí a tẹ ìka láti ta á, ẹni tó mọ̀wé kà ni yóò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀wé kọ ni yóò sì fèsì.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò:
1. Kí ni ìdí tí ìjọba Jàpáànì fi fẹ́ kó àwọn ojúbọ papọ̀? Ta ni ó jèrè níbẹ̀?
2. Kí ló yàtọ̀ láàrín àpò tí Minakata jù àti lẹ́tà tó kọ?
3. Igbó wo ni ó ń pa omi mọ́ ní abúlé yín? Ta ni ó ń ṣọ́ ọ? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlà mẹ́wàá, kí ẹ sì kà á sétí ẹgbẹ́ yín.